Ọ̀nà Ẹ̀yìn Òkè

Bí ẹ bá wọ abúlé wa tí ẹ rí ọkùnrin kan lórí òrùlé tó ń pariwo mọ́ fóònù, ẹ má wulẹ̀ béèrè ta ni. Basu ni. Orí òrùlé ilé rẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dúró, nítorí náà kò sí àṣírí kankan nínú ayé Basu tí àdúgbò ò mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣètò ìrìn àjò aṣálẹ̀ fáwọn àlejò tó ń ti òkè òkun wá: ọ̀nà tí wọn yóò gbà, kànga tí wọn yóò ti pọnmi, ibi tí wọn yóò pàgọ́ sí bí ilẹ̀ bá ṣú, ràkúnmí tí yóò ru ẹrù àti èyí tí yóò ru ènìyàn. Èmi Haddu ni mò ń se oúnjẹ fún un. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń ṣe é, débi pé bí mo bá ti gbọ́ bó ṣe ń gun àkàbà òrùlé, mo ti mọ̀ bóyá ayọ̀ ló ń lọ gbọ́ tàbí wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: iṣẹ́ yìí máa ń sọ ènìyàn di oníbìínú. Àwọn tí kò mọ aṣálẹ̀ rò pé iyanrìn lásán ni, pé ẹni tó bá fẹ́ rìn níbẹ̀ kàn máa kọjú síbi tó wù ú ni. Irọ́ gbáà. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin nínú aṣálẹ̀ dà bí aṣọ tó ti gbó: o ń rán ibí, ọ̀hún ń ya. Bí o bá sún ibùdó síwájú, omi á jìnnà. Bí o bá sún un sẹ́yìn, àwọn àlejò á ní etí títì làwọn sùn. Bí o bá wá tò ó títí tó fi dọ́gba, ẹnì kan á pè láti ìlú Marakéṣì pé nǹkan kékeré kan ló kù.

Ẹni tó ń pè láti Marakéṣì ni Widad. Ọmọbìnrin ọlọ́yàyà ni, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń kó àlejò ránṣẹ́ sí Basu. N kò lè bú u, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ "nǹkan kékeré" lẹ́nu rẹ̀, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ló ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, mo jókòó sí ìdí ògiri Basu, mò ń họ kárọ́ọ̀tì, mo sì ń gbọ́ wọn lókè, nítorí fóònù Basu náà máa ń pariwo.

"Bọ̀dá Basu, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Nǹkan kékeré kan ló kù."

"Madam Widad, ọjọ́ tí nǹkan kékeré yín bá pa mí, ẹ̀yin lẹ máa wá sin mí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọmọ ràkúnmí yẹn tẹ̀ lé àwọn."

"Ọmọ ràkúnmí wo?"

"Funfun kékeré yẹn tí ẹ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe yàn wá. Wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ."

"Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ!" Basu wo ojú ọ̀run. "Ọmọ yẹn ṣì ń mu ọmú, Madam. Bó bá ń bọ̀, ìyá ẹ̀ ń bọ̀ nìyẹn, ìyá ẹ̀ sì ń tiro. Tá a bá rìn díẹ̀, ọmọ á ní òun fẹ́ mu ọmú, gbogbo wa á wá dúró bí ẹni ń wòran. Ṣé ìrìn àjò là ń lọ ni àbí ìkómọ?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín Widad látinú fóònù. "Ẹ ṣe é fún mi, Bọ̀dá. Ọ̀gá mi ti fi sínú ètò."

"Ó ti fi sínú ètò. Ó dáa. Kí ló tún kù?"

"Ó ku ẹyọ kan péré. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ mú àwọn lọ kí ẹbí darandaran kan. Àwọn tó ń gbénú àgọ́ lóòótọ́ o, kì í ṣe àwọn tó ń wọnú ẹ̀ tìtorí fọ́tò."

Mo ń retí ariwo. Ariwo ò wá. Mo gbójú sókè, mo rí Basu tó dúró gbọin, fóònù létí, tó ń wo apá gúúsù níbi tí Òkè Dúdú wà.

"Kò sí ẹbí kankan lójú ọ̀nà yẹn," ló sọ, jẹ́jẹ́.

"Ẹnìkan ò sí rárá?"

"Ẹyẹ nìkan ló wà níbẹ̀."

Irọ́ ni Basu pa. Ẹbí kan wà níbẹ̀, ẹbí tirẹ̀ gan-an sì ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tó wà níwájú Òkè Dúdú, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń lọ gúúsù ti máa ń pọnmi, àgọ́ Ìyá Tuda ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá Basu ni. Òun ló gbé Basu dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀, tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí Basu bá fẹ́ búra, orúkọ Ìyá Tuda ló máa ń dá lẹ́yìn ti Ọlọ́run.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ojú rẹ bá ti rí àgọ́ ènìyàn tí ojú onílé náà sì ti rí ọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. O ò lè kọjá. Bí o bá kọjá, o ti sọ fún gbogbo ayé pé ahun ni onítọ̀hún. Bí o bá sì yà, dandan ni kó pa ẹran fún ọ. Kò sí "a ò ní pẹ́", kò sí "a ti jẹun nílé". Tó bá ní àgbò, àgbò ni. Tí kò bá ní àgbò, òbúkọ. Tí kò bá ní òbúkọ, ohun tó bá so mọ́ ìdí àgọ́ ni yóò kú.

Ohun tó so mọ́ ìdí àgọ́ Ìyá Tuda kò ju ewúrẹ́ kan lọ. Ọ̀dá ti pa gbogbo ìyókù. Ewúrẹ́ yìí ló ní wàrà, wàrà yìí sì ni Yidir ń mu. Ọmọ Izza ni Yidir, Izza sì ni àbíkẹ́yìn Ìyá Tuda. Ibà mú Izza lẹ́yìn ìbímọ, ọmú rẹ̀ gbẹ, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́bàá òkun lọ́hùn-ún tó ń wá iṣẹ́. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Yidir nítorí pé wọ́n fẹ́ kó yè. Orúkọ náà kò ní ìtumọ̀ míì. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí ewúrẹ́ yẹn bá lọ, a ò mọ ohun tí ọmọ yóò mu.

Ẹ lè ní kí ló dé tí Basu ò ra ẹran ránṣẹ́ síwájú. Ó ti ṣe é rí! Nígbà tí ewé rú kẹ́yìn, ó mú àlejò méjì péré gba ibẹ̀ kọjá, ó ní àwọn kàn fẹ́ kí i ni. A kò tíì mu ife tíì kejì tán tí mo fi gbọ́ igbe ewúrẹ́ lẹ́yìn àgọ́. Méjì ló ní nígbà yẹn. Inú Basu bàjẹ́, ó ra àgbò ńlá kan, ó fi ránṣẹ́ sí i. Ìyá Tuda fún àgbò náà ní omi mu, ó dá a padà, ó ní kí wọ́n sọ fún Basu pé òun kì í ta oúnjẹ. Nígbà tó tún yá, Basu lọ kí i, ó gbé itan màlúù dání láti ọ̀dọ̀ alápatà. Ajá ló jẹ itan náà. Ìṣojú Basu báyìí ni Ìyá Tuda ti gé e fún ajá, tó ń bi í pé, "Ṣé ilé ìyá ẹ lo gbé oúnjẹ lọ yìí?"

Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí àlejò má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Basu wá sílé mi, ó gba àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi ń po ìyẹ̀fun, ó da èso dàbínù sínú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Dàbínù kan ni abúlé, òmíràn ni ibùdó àkọ́kọ́, òmíràn ni kànga.

"Wò ó," ó ní, "bá a bá gba iwájú òkè, ọ̀dọ̀ Ìyá ni tààrà. Bá a bá gba ẹ̀yìn òkè, kò lè rí wa."

"Òkúta ló wà lẹ́yìn òkè."

"Mo mọ̀."

"Kò sí omi níbẹ̀."

"Haddu, mo mọ̀! Àwa la máa gbé omi lọ."

"Ta ni 'àwa'? Ràkúnmí mélòó ló máa ru omi? Ìwọ tó tún fẹ́ kó arọ àti ọmọ ọwọ́ dání."

Ó sún ibùdó kejì. Ìyẹn mú kí ọjọ́ àkọ́kọ́ gùn jù. Ó sún ibùdó àkọ́kọ́, ó bọ́ sí orí iyanrìn tí atẹ́gùn kì í jẹ́ kí àgọ́ dúró. Ó dá a padà. Ó fẹ́ yọ ràkúnmí kan nínú èyí tí àlejò ń gùn kó lè fi ru omi, ó rántí pé àgbà obìnrin kan wà nínú wọn tí kò lè rìn. Ó kérora. Bó ṣe ń ṣe yìí, ebi ń pa mí, mo mú dàbínù kan sẹ́nu.

"Haddu! Kànga lo jẹ yẹn!"

"O ní a ò ní débẹ̀ mọ́ ná."

Ó wò mí títí, mo rò pé yóò gbá mi létí. Ló bá da gbogbo ìyókù rú, ó ní, "Ó sú mi. Wàláì, ó sú mi. Mo ń ṣètò ìrìn àjò bí ẹni ń ṣètò olè jíjà, ẹni tí mo sì ń sá fún ni ẹni tó gbé mi pọ̀n." Mo po tíì fún un, mo fi ṣúgà tó pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó gun Tamlalt lọ wo ọ̀nà ẹ̀yìn òkè náà. Tamlalt ni ìyá ọmọ ràkúnmí tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pariwo, abo funfun tó ti ń tiro láti kékeré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì rẹ̀ máa ń wọ́ díẹ̀. Òun ni Basu máa ń gùn bó bá fẹ́ dá lọ síbì kan, nítorí kì í ké. Ó kó kẹ́ẹ̀gì omi lọ, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ níbi tí a máa sùn. Ó ṣa òkúta kúrò nílẹ̀ ibùdó, ó gbá a mọ́ tónítóní, ó sì ṣẹ́ igi ìdáná jọ sábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún. Nígbà tó dé, ètè rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹnìkan ò rí mi," ó ní.

"Ojú ẹsẹ̀ Tamlalt ńkọ́?"

"Atẹ́gùn á pa á rẹ́ kílẹ̀ tó mọ́."

Gbogbo ọdún yẹn ni atẹ́gùn ti ń fìyà jẹ wá. Ó ti ya àgọ́ mi, ó ti bu iyanrìn sínú ìkòkò mi, ó ti ká aṣọ tí a sá sílẹ̀, ó lọ fi bo ràkúnmí ẹlòmíì. Láti ọjọ́ tí Basu ti ọ̀hún dé títí di ọjọ́ tí àwọn àlejò wọlé, atẹ́gùn ò fẹ́. Ewé kan ò mì. Mo rí Basu tó ń jáde síta láràárọ̀, tó ń fi itọ́ pa ìka, tó ń nà án sókè wò bóyá atẹ́gùn ń fẹ́, tó sì ń ṣépè.

Àwọn àlejò dé. Mẹ́jọ ni wọ́n, èèyàn dáadáa sì ni wọ́n, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọmọ ràkúnmí ni wọ́n kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí wa. Bí Basu ṣe wí náà ló rí: a ó rìn díẹ̀, ọmọ á sáré lọ kanrí mọ́ abẹ́ ìyá ẹ̀, gbogbo ìlà á dúró, àwọn àlejò á sọ̀ kalẹ̀ láti ya fọ́tò. Ìgbà tí a fi máa dé ibùdó àkọ́kọ́, mo ti ń dáná nínú òkùnkùn.

Ọjọ́ kejì ló le. Bí a ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà, tí ojú ọ̀nà tó tẹ́ bí ẹní lọ síwájú òkè, Basu yà sí ẹ̀yìn. Òkúta bẹ̀rẹ̀. Omi ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn ràkúnmí ń kọsẹ̀, àgbà obìnrin inú àwọn àlejò di gàárì mú bí ẹni tó fẹ́ kú sórí ẹ̀. Ọkùnrin kan nínú wọn tọ́ka sí ojú ọ̀nà tó dáa, ó ń béèrè pé kí ló dé tí a ò gba ibẹ̀. Basu fi èdè wọn dá a lóhùn pé ejò wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà tún fẹ́ kọrin. Basu ní kó má kọrin, pé orin máa ń pe ejò. Mo dojú kọ ibòmíì kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú Basu, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Òógùn bò ó, ó sì ń wo téńté òkè nígbà gbogbo bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Ní ìrọ̀lẹ́, a yọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibi tí Basu ti gbá ilẹ̀ sílẹ̀.

Àgọ́ dúdú kan ló dúró gbagidi láàrin ilẹ̀ tí Basu gbá. Igi tí Basu ṣẹ́ ló ń jó. Èéfín rẹ̀ ń gòkè tààrà nítorí pé atẹ́gùn kò sí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan so mọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, Ìyá Tuda sì jókòó lẹ́nu àgọ́, ó ti wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó ń fọ́ ṣúgà sínú abọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ké sí wa. "Ẹ kú ìrìn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Basu, ọ̀nà burúkú wo lo mú ọmọ ọlọ́mọ gbà yìí?"

Basu sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ta ló sọ fún yín?"

"Tamlalt ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì rẹ̀ kì í purọ́. Mo ń wá igi kiri, mo bá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ pàdé. Mo rí i tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo rí i tó dúró, mo rí i tó yà. Mo ní, ó dáa, kí ló lé ọmọ mi? Mo tẹ̀ lé e títí dé ibí. Mo rí ilẹ̀ tí o gbá, mo rí igi. Mo ní, àṣé àlejò ń bọ̀, Basu sì mọ̀ pé kànga tọ̀hún ti fẹ́ gbẹ, ló ṣe lọ gbálẹ̀ ibòmíì sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí Izza ká àgọ́."

Ó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ̀ pé ó mọ̀. Ó kàn rọra fi ọ̀rọ̀ náà bo Basu láṣìírí ni.

Basu ò gbọ́ ìyẹn. Ojú rẹ̀ ń wá kiri ìdí àgọ́. Kò sí nǹkan kan tó so mọ́ ibẹ̀. Òórùn ẹran ló gba gbogbo ibẹ̀.

"Ìyá, ewúrẹ́ yẹn dà?"

"Ó wà nínú ìkòkò. Àbí ebi ò pa ẹ́ ni?"

Ní gbogbo ọdún tí mo ti mọ Basu, n kò gbọ́ kó pariwo mọ́ ìyá yìí rí. Ọjọ́ yẹn ló pariwo. "Kí ni Yidir máa wá mu? Ẹ sọ fún mi! Kí ló máa mu lọ́la? Ṣé ara òkúta yìí la ti máa fún wàrà fún un? Mo gbá ilẹ̀, mo ru omi, mo tan àlejò, mo ba ètò mi jẹ́, gbogbo ẹ̀ torí kí n lè dá ewúrẹ́ kan ṣoṣo sí fún un yín, ẹ wá pa á!"

Izza wà nínú àgọ́, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dojú kọlẹ̀. Àwọn àlejò ò gbédè wa, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọrin lẹ́ẹ̀kan gbé fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

Ìyá Tuda fi òkúta tó fi ń fọ́ ṣúgà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Basu, jókòó. Lọ́dún tí ìyá rẹ kú, ewúrẹ́ kan ló kù nílé mi. O ò tíì lè jókòó fúnra rẹ. Àlejò dé. Mo pa á." Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o kú?"

Basu jókòó.

"Ọ̀dá ti kó ẹran mi. Ọkọ mi ti lọ. Ohun tó kù mí kù ni pé, bí ẹnikẹ́ni bá gba ilẹ̀ yìí kọjá, á sọ níwájú pé òun jẹun nílé Tuda. Ìyẹn náà lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, o sì ń gba ẹ̀yìn òkè lọ bí ọlọ́ṣà. Kó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Bọ́ bàtà ẹ, kó o wá bá àwọn àlejò rẹ jẹun."

Mo sọ ẹrù kalẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tú ìkòkò kankan. Èmi alásè, mo jókòó bí àlejò. Àwọn àlejò jẹun, àgbà obìnrin yẹn ń fi ọwọ́ kan àyà ó ń dúpẹ́, ó ní òun ò jẹ irú rẹ̀ rí. Ìyá Tuda ń wo ẹnu wọn, ojú rẹ̀ ń dán. Basu náà jẹun. Tí kò bá jẹ, ẹ̀ṣẹ̀ míì nìyẹn. Mo rí i bó ṣe ń gbé òkèlè kọ̀ọ̀kan mì, mo mọ̀ pé kò gbádùn ún. Gbogbo ìgbà tí Yidir bá sunkún nínú àgọ́, ọwọ́ Basu á dúró lójú àwo.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ń di ẹrù. Mo rí Basu tó lọ bá Tamlalt, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì rẹ̀ sókè, ó ń wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Haddu, wá wo ẹsẹ̀ yìí. Ó ti burú."

Mo wò ó. "Bó ṣe wà látọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló wà."

"Mo ní ó ti burú."

Ó wò mí lójú. Ìgbà yẹn ni orí mi tó là. Lọ́dọ̀ tiwa, o ò lè san oúnjẹ tí o jẹ padà fún ẹni tó ṣe ọ́ lálejò. Bí o bá gbìyànjú rẹ̀, ìṣojú rẹ ni wọ́n ti máa gé e fún ajá. Ṣùgbọ́n bí ẹran rẹ bá ṣàìsàn lọ́nà, o lè fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Onítọ̀hún á máa bọ́ ẹran náà títí ara rẹ̀ á fi yá. Wàrà rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ń bọ́ ọ.

"Áà," mo kígbe, "ó burú o! Ẹsẹ̀ yìí ò lè kúrò níbí. Ìyá, ẹ gbà wá o, ẹ wá wo nǹkan!"

Ìyá Tuda wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ náà níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Obìnrin tó rí ojú ẹsẹ̀ yìí nínú iyanrìn tó sì mọ ìgbà tó dúró àti ìgbà tó yà! Basu di okùn Tamlalt mú. Bó bá lè sọ pé ẹsẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ọmọ ràkúnmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú lọ́wọ́ kejì, kò mọ nǹkan kan.

Ó pẹ́ kó tó nàró. Ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún.

"Ẹsẹ̀ yìí ò dáa," ó ní. "Á pẹ́ kó tó san. Ó lè tó ìgbà tí Yidir á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré."

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, Ìyá."

"Ṣé mo ní kó o bẹ̀ mí ni? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ ẹran tọ́jú." Ó kọjú sí àgọ́. "Izza! Gbé igbá wá."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí láàrin wọn nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ràkúnmí kan ti dín, ẹrù kò dín. Basu gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ó da àpò ìrẹsì lé mi lẹ́yìn, mo bú u. Àwọn àlejò ń wo ẹ̀yìn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ìdí tí ọmọ ràkúnmí ò fi tẹ̀ lé wa. Basu ní ìyá ẹ̀ ṣàìsàn. Ọkùnrin olórin ní ṣebí wọ́n ti fi í sínú ètò. Basu ní, "Mo mọ̀ pé ó wà nínú ètò."

Ọ̀nà gbé wa gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bí a ṣe dé òkè téńté, fóònù Basu bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ti gbàgbé pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè wà níbẹ̀. Ọkùnrin olórin ti fi fóònù tirẹ̀ fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ Widad kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Bọ̀dá Basu, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní ọmọ ràkúnmí ò sí mọ́. Ọ̀gá mi wà níbí. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo retí ariwo. Ó ti rẹ Basu, èjìká rẹ̀ ti bó, ètò rẹ̀ ti fọ́ yángá, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo. Ṣùgbọ́n ó kọjú sí ìsàlẹ̀. Láti ibi tí a dúró sí, a ń rí àgọ́ dúdú náà, ó kéré bí ìborí ọmọdé. Izza dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tamlalt bí a ṣe máa ń dúró fún wàrà ràkúnmí, igbá wà lórí itan rẹ̀, ó ń fún wàrà. Ọmọ ràkúnmí wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá Tuda dúró tì wọ́n, ó gbé Yidir dání, ó ń dúró de wàrà náà.

"Ẹ sọ fún wọn pé kò lè wá," ni Basu sọ. "Ó ń bá àbúrò ẹ̀ mu ọmú."